FNAC ni àbí Trucut: èwo ni ká kọ́kọ́ sanwó fún?

Ìbéèrè: Dókítà wa, Agbowó ni mo ń gbé, màmá mi sì ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kókó kan ti yọ sí wọn lọ́mú òsì. Kò dùn wọ́n, ìyẹn ni wọn ò ṣe tètè sọ fún wa. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká lọ ṣe sìkáànù, a sì ṣe é. Wọ́n kọ «BI-RADS 4C» sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Dókítà ní kí wọ́n ṣe biopsy, ìyẹn kí wọ́n gba díẹ̀ lára kókó náà wò, Trucut ló kọ sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, owó náà bà wá lẹ́rù. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ní FNAC wà, pé abẹ́rẹ́ kékeré ni wọ́n fi ń ṣe é, owó rẹ̀ ò sì ju ìdá mẹ́ta owó Trucut lọ. Ṣé ká kọ́kọ́ ṣe ti kékeré yẹn ná, tó bá wá di dandan ká ṣe ti ńlá? Àbúrò màmá mi tún ń sọ pé irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ irin, pé tí wọ́n bá ti gún un, ṣe ló máa ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lóye.
Ọmọ Ìyá Elélùbọ́, Agbowó.

Ìdáhùn: Ọmọ Ìyá Elélùbọ́, ẹ kú àníyàn màmá, ẹ sì kú ìnáwó. Èyí tí ẹ ti ṣe dára gan-an: ẹ ti sìn wọ́n dé ilé ìwòsàn, ẹ ti ṣe sìkáànù, ẹ sì béèrè kí ẹ tó náwó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka ìyókù. Ẹ ṣe Trucut. Ẹ má ṣe FNAC ṣáájú rẹ̀. Bí owó bá ni ìṣòro, ibi tí ẹ ti lè dín in kù wà, màá sì tọ́ka sí i, àmọ́ kì í ṣe ibí yìí.

Kì í ṣe pé FNAC kò dára. Láàbù ni iṣẹ́ tèmi, èmi ni mo ń wo ohun tí abẹ́rẹ́ bá mú jáde lábẹ́ maikirosikóòpù, FNAC sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ọ̀bẹ níṣojú mi. Ó ti pẹ́ láyé: ní ọdún 1930 ni Martin àti Ellis ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ń fi gún kókó náà. Wọ́n á fà á díẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ ohun tó bá jáde sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Ohun tó ń jáde yẹn, sẹ́ẹ̀lì tó ti tú ká ni. Ti Trucut yàtọ̀. Fọ́nrán ẹran ló ń gé wá, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì wà ní ìdúró wọn bí wọ́n ṣe wà nínú ọmú. FNAC dà bí ìgbà tí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù mélòó kan wá fún mi láti ara ilé kan. Mo lè mọ̀ bóyá búlọ́ọ̀kù náà ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ bí yàrá ṣe tò, tàbí bóyá ògiri ti wó. Ní ti jẹjẹrẹ ọmú, ògiri yẹn ṣe pàtàkì. Èyí tó ṣì wà nínú ihò tí wàrà ń gbà kọjá ní ìtọ́jú tirẹ̀, èyí tó ti já ògiri jáde sì ní tirẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé sìkáànù yẹn, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn yín wà. BI-RADS ni òǹkà tí àwọn dókítà onísìkáànù fi ń sọ bí ìfura wọn ṣe pọ̀ tó. Bí wọ́n bá kọ 2, kò séwu. Bí wọ́n bá kọ 3, ó ṣeé ṣe kó máà séwu, nítorí nínú èèyàn 100 kì í ju 2 lọ tí yóò já sí jẹjẹrẹ. Láti 4 ni ìfura ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta: 4A wà láàárín 2 sí 10 nínú 100, 4B láàárín 10 sí 50, 4C láàárín 50 sí 95. 5 ti ju 95 lọ. Ti màmá jẹ́ 4C. Mi ò dá wọn lẹ́jọ́ o. Àwọn kan wà nínú 4C tí kókó wọn kò já sí nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe biopsy dípò ká kàn máa tọ́jú èèyàn lórí ìfura. Ṣùgbọ́n ìfura náà tóbi.

Ẹ bá mi rò ó báyìí. Ká ní FNAC ni ẹ ṣe. Bí èsì bá jáde pé jẹjẹrẹ ni, dókítà oníṣẹ́ abẹ yóò ṣì fẹ́ mọ irú èyí tó jẹ́, nípa àyẹ̀wò mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní ER, PR àti HER2. Ara ẹran gidi la ti ń ṣe wọ́n dáadáa jù lọ, nítorí náà yóò ní kí ẹ lọ ṣe Trucut. Bí èsì bá jáde pé ohun tí wọ́n fà kò tó wò, ẹ óò padà lọ ṣe Trucut. Bí èsì bá wá jáde pé kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀ ńkọ́? Èyí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Sìkáànù ń fura gidigidi, abẹ́rẹ́ ní kò sí nǹkan, ẹnu àwọn méjèèjì kò kò. Kò yẹ kí dókítà kankan gbà kí màmá máa lọ sílé lórí irú èsì bẹ́ẹ̀. Trucut náà ni yóò kọ. Ọ̀nàkọ́nà tí èsì bá gbà yọ, ibì kan náà ló ń darí yín sí, owó FNAC yẹn kò sì yí ohunkóhun padà.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n tó sanwó àyẹ̀wò èyíkéyìí, kí wọ́n bi dókítà wọn pé: «Bí èsì bá rí báyìí, kí la máa ṣe? Bó bá rí bọ́ọ̀hún, kí la máa ṣe?» Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é, torí ọlọ́jà ni màmá, wọ́n á tètè rí i. Iye tí mo fẹ́ dá yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Kì í ṣe iye ilé ìwòsàn kankan, ẹ fi èyí tí wọ́n sọ fún yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní FNAC jẹ́ ₦20,000, Trucut jẹ́ ₦60,000. Ká wá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún padà lọ, ₦10,000 mìíràn ń lọ sí i: owó ọkọ̀ Máíkírà láti Agbowó dé Mọ́kọ́lá lọ sí ilé ìwòsàn UCH, lọ àti bọ̀, fún èèyàn méjì, owó rírí dókítà, àti èrè ọjọ́ tí ìsọ̀ èlùbọ́ fi wà ní títì. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ṣe Trucut lẹ́ẹ̀kan náà, ₦600,000 ni gbogbo wọn ná. Bí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá kọ́kọ́ ṣe FNAC, ₦200,000 ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ní láti padà wá ṣe Trucut, bí ó ṣe máa rí fún ẹni tó ní 4C, ₦700,000 ló tún máa lé e: ₦900,000 lápapọ̀. Wọ́n ti fi ìlàjì owó Trucut kún owó náà, láìtíì ka ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń dúró de èsì àkọ́kọ́.

Ìṣirò kan náà tún fi hàn pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì aládùúgbò yín kì í ṣe irọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ mú ọmọbìnrin mẹ́wàá láti Yunifásítì Ìbàdàn tó wà ní òdìkejì títì yín yẹn, ọmọ ogún ọdún sí mẹ́rìnlélógún, tí kókó tiwọn rí róbótó, tó ń yọ̀ sá fún ìka, tí sìkáànù sì pè ní 3. Nínú àwọn yẹn, ká ní méjì péré ló nílò láti padà. ₦200,000 FNAC, pẹ̀lú ₦140,000 fún àwọn méjì, ₦340,000 ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdajì sí ti Trucut. Lórí iye tí mo dá yìí, bí márùn-ún bá padà nínú mẹ́wàá, FNAC ṣì jèrè díẹ̀, ₦550,000. Bí mẹ́fà bá padà, ó ti wọ gbèsè, ₦620,000. Nítorí náà ohun tó yẹ kí a fi yan abẹ́rẹ́ ni iye ènìyàn tó ṣeé ṣe kó padà, ìwé sìkáànù ló sì ń sọ ìyẹn fún wa ṣáájú. Ẹni tó bá fo sìkáànù torí kó lè ṣọ́wó ná, ó ń yan abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

FNAC dára púpọ̀ fún kókó tó jẹ́ omi lásán: wọ́n á fa omi náà, kókó á pòórá, iṣẹ́ parí. Ó dára fún gẹ̀gẹ̀ ọrùn. Ó sì lè wúlò fún màmá pàápàá: bí sìkáànù bá rí kókó kékeré kan lábíyá, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wo ìyẹn lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá ń ṣe Trucut ọmú. Ẹ béèrè.

Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kúkú gé kókó náà kúrò pátápátá, kí wọ́n wá gbé e lọ láàbù. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Owó tíátà àti ti òògùn oorun wà níbẹ̀, bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ mìíràn á tún tẹ̀lé e.

Kí ló dé tí ER, PR àti HER2 fi ká mi lára tó báyìí? Òògùn tamoxifen, tí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ER rẹ̀ bá wà ló ń ṣiṣẹ́ fún. Láti ọdún 1998 ni àwọn olùwádìí UCH àti ti Yunifásítì Chicago ti ń yẹ jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin wa wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàádé, tó kàwé ìṣègùn níhìn-ín ní Ìbàdàn, wà lára wọn. Wọ́n rí i pé irú èyí tí kò ní ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́pọ̀ láàárín wa ju láàárín àwọn obìnrin òyìnbó lọ. A ò lè máa fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí kókó bá tóbi, òògùn lè ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nígbà náà ohun tí Trucut mú jáde nìkan ni dókítà ní lọ́wọ́ láti fi yan òògùn.

Ibi tí ẹ ti lè dín owó kù nìyí. Ẹ má san owó ER, PR àti HER2 pọ̀ mọ́ owó àkọ́kọ́. Láàbù máa ń ri ẹran náà sínú ìda, wọ́n sì máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Bí èsì bá fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, ara rẹ̀ náà ni wọ́n á ti gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò tó kù, wọn ò ní tún màmá gún. Bó bá sì fi hàn pé kì í ṣe é, ẹ ti yọ nínú ìnáwó yẹn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá wà lórí ètò ìbánigbófò ìlera OYSHIA tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè bóyá màmá wà nínú rẹ̀ àti bóyá ó kan biopsy. Ìjọba àpapọ̀ tún ní owó ìrànwọ́ fún aláìsàn jẹjẹrẹ tí kò lágbára, tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund. Ti ọmú wà lára èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, UCH sì wà lára àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn Social Worker ni ẹ ó ti béèrè. Ẹ má tijú.

Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ti ṣọ́wó ná ni èyí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ra abẹ́rẹ́ wá, nọ́ńbà tó kéré ni abẹ́rẹ́ tó tóbi: 14 la fẹ́ fún ọmú, 18 tín-ín-rín jù ú lọ. Ẹ má sọ fún dókítà pé kó gún un lẹ́ẹ̀kan péré nítorí owó. Abẹ́rẹ́ kan náà ni yóò fi gé fọ́nrán mẹ́ta sí márùn-ún, ìyẹn kì í sábà fi owó kún owó, òun ló sì ń jẹ́ kí èsì dúró. Ẹ̀yin náà lè wo inú ike náà: fọ́nrán tó funfun díẹ̀, tó sì rì sísàlẹ̀ ni ẹran kókó, èyí tó bá léfòó, ọ̀rá ló sábà máa ń jẹ́.

Bí wọ́n bá wá gbé ike náà lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ gbé e lọ sí láàbù, ẹ gbọ́ tèmi dáadáa. Formalin, òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi, kì í ṣe omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, kì í ṣe spirit. Kó tó wákàtí kan tí wọ́n gé e ló ti yẹ kó wọ inú formalin. Formalin náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, ó kéré tán. Kí orúkọ màmá, ọjọ́ àti «ọmú òsì» wà lára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára ìdérí tó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Ẹran náà gbọ́dọ̀ lo wákàtí 6 sí 72 nínú formalin kí ER àti àwọn yòókù tó lè jáde dáadáa, nítorí náà ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú ló dára kí ẹ ṣe é, pàápàá tí ọjọ́ Ẹtì bá já sí ọlidé. Mo ti rí fọ́nrán ẹran tó gbẹ kangbẹ nínú ike òfìfo, tí ìdílé ti san gbogbo owó lé lórí. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe mọ́, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àbúrò màmá. Ẹ má bá wọn jà, ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ohun tí wọ́n rí nígbà kan rí ni pé ẹnì kan lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gún un, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kókó náà ti tàn dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró kó tó gbéra nílé. Abẹ́rẹ́ ló kẹ́yìn tí wọ́n rí, òun ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Pé kí sẹ́ẹ̀lì bá ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ jáde kó sì hù níbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gan-an nínú jẹjẹrẹ ọmú, kì í sì í gé ẹ̀mí obìnrin kúrú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fẹ́ kí obìnrin mọ ohun tó ń ṣe é láàárín ọjọ́ 60 tó bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sìn màmá lọ ni ọjọ́ yẹn ti ń lọ.

Ẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún màmá kí wọ́n má bàa já. Màmá á dùbúlẹ̀, dókítà á fún wọn lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ dùn wọ́n, èyí tó máa ta wọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbọ́ ìró kan, «kpá!», bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ohun èlò náà ló ń dún bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún. Nọ́ọ̀sì á tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, màmá á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Bí ojú ibẹ̀ bá dúdú díẹ̀, yóò lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn jókòó ti ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n má gbé àpò èlùbọ́.

Bí èsì bá jáde tí kò yé yín, ẹ kọ̀wé sí wa. Láti ọdún 1960 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Edington ti dá àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní UCH ni wọ́n ti ń kọ ti ìlú yìí sílẹ̀, ti ọmú ló sì wá ṣíwájú láàárín àwọn obìnrin báyìí. Màmá kì í ṣe àkọ́kọ́, wọn ò sì dá wà.

Ìbéèrè: Ẹ kú làálàá, Dókítà. Challenge ni mo ń gbé. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 71, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA wọn jẹ́ 14, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe biopsy pírósítéètì, pé ojú 12 ni wọ́n máa ti gba ẹran. Láàbù tí a lọ bá ní ìgò kọ̀ọ̀kan lowó tirẹ̀. Ṣé wọn ò lè gba mẹ́fà, kí owó náà lè di ìdajì?
Àkọ́bí, Challenge.

Ìdáhùn: Àkọ́bí, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Mẹ́fà ni gbogbo ayé ń gba nígbà kan. Ní ọdún 1989 ni Hodge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford fi ọ̀nà ojú mẹ́fà yẹn hàn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó ń fo jẹjẹrẹ púpọ̀ dá, pàápàá èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta níbi tó ti wọ́pọ̀ jù, ni wọ́n bá sọ ọ́ di 12. Bí mẹ́fà bá fo ti bàbá dá, PSA á ṣì máa gòkè, ẹ óò sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ẹ wò ó, owó tó pọ̀ yẹn kò sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń gún un. Abẹ́rẹ́ kan ni, yàrá kan ni, òògùn kan náà ni, yálà mẹ́fà ni wọ́n gbà tàbí 12. Iye ìgò ló ń pọ̀ sí i. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ ní kí dókítà bá láàbù sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n lè kó mẹ́fà tọ̀tún sínú ìgò kan, mẹ́fà tòsì sínú ìkejì. Ọ̀pọ̀ ibi ń gbà á bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má kó méjèèjìlá sínú ìgò kan ṣoṣo, torí wọ́n á lọ́ mọ́ra, wọ́n á gé sí wẹ́wẹ́, a ò sì ní mọ èyí tó ti apá ibo wá. Ẹnì kan wà tí ìwọ̀nba díẹ̀ tó fún: ẹni tí PSA rẹ̀ ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí egungun ń dùn, tí dókítà sì ti fi ìka kan ibi tó le bí òkúta. Bàbá yín kò jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà wọn ló máa sọ.

Wọ́n lè dárúkọ àyẹ̀wò àwòrán MRI fún yín. Ó dára lóòótọ́: ìwádìí ńlá kan ní ọdún 2018 fi hàn pé bí MRI bá ṣáájú, a lè fi ojú díẹ̀ rí èyí tó léwu gan-an. Àmọ́ bí owó rẹ̀ bá máa dá biopsy dúró fún oṣù púpọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe 12 náà.

Ẹ sọ fún dókítà bí bàbá bá ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ibà ni kí ẹ ṣọ́, pàápàá bó bá jẹ́ ojú ìdí ni wọ́n gbà wọlé, torí kòkòrò ìgbẹ́ lè bá abẹ́rẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Owó tí wọ́n á fi dá èèyàn dúró sílé ìwòsàn fún ìyẹn ju owó ìgò 12 lọ dáadáa. Nítorí náà kí bàbá lo òògùn tí wọ́n fún wọn pé, bí òtútù bá sì ń mú wọn gbọ̀n lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ má ra òògùn ibà ní kẹ́mísìtì, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ tó mọ́: ẹ gbé wọn padà lóru ọjọ́ náà.